Àwọn Abọ́ tí A Gbé de Òjò

Ní ilé wa ní Arakale ní Àkúrẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi abọ́ han òjò. Òfin Màmá Àgbà ni, ìyá tó bí bàbá mi, kò sì sí ẹni tó lè sọ ibi tó ti rí òfin náà. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ewé máńgòrò kiri àgbàlá, gbogbo abọ́, gbogbo korobá, gbogbo báàfù tó wà níta gbọ́dọ̀ wọlé. Inú ilé ni a ó ti dúró, a ó gbá abọ́ mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ, títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí páànù dáadáa, kí a tó sáré gbé wọn síta sábẹ́ etí òrùlé. Màmá Àgbà ní ojú máa ń ti òjò. Ó ní bó bá rí i pé wọ́n ti na abọ́ sílẹ̀ dè é, ńṣe ni yóò yà lọ sí ibòmíràn. Ìyá mi, tí í ṣe ọmọ Oǹdó, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ilé tiwọn, àlejò tí wọ́n bá mọ̀ pé ó ń bọ̀, wọ́n a máa tẹ́ ẹní dè é ni. "Màmá, ṣé ìgbà tí àlejò bá dé tán la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá àga kiri?" Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí ìyàwó ilé ni, kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ di ìjà. Màmá Àgbà á ní, "Ìyàwó, Àkúrẹ́ lo wà o." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi bá ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, àfi ọdún kan tí kò jọ eré mọ́.

Ọdún tí mò ń wí yìí, mo ti tó ọmọ tí wọ́n ń rán lọ pọn omi, n kò tíì tó ọmọ tí wọ́n ń bi ní ìmọ̀ràn. A kò pọ̀ nínú ilé. Bàbá Àgbà àti Màmá Àgbà ló ni ilé. Bàbá mi, Délé ọmọ wọn, ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Oda, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn lọ tó ń gùn bọ̀. Ìyá mi ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi Fúnmi ni àkọ́bí, àbúrò mi Dẹ̀jọ ló tẹ̀ lé mi, ọmọ tí kì í dákẹ́ àfi tó bá sùn. Bí mo bá di ojú mi báyìí, mo ṣì ń gbọ́ ilé náà. Ìgbálẹ̀ Màmá Àgbà ló máa ń kọ́kọ́ dún láàárọ̀, lẹ́yìn náà ikọ́ Bàbá Àgbà, lẹ́yìn náà rédíò rẹ̀ tó máa ń han gooro kó tó sọ̀rọ̀. Bí oòrùn bá ti gòkè, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin, títí di ìgbà tí odó yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Màmá Àgbà gbà pé ọjọ́ tí a kò bá jẹ iyán, a ò tíì jẹun lọ́jọ́ náà, ohun yòówù kí ó wọ ikùn wa.

Ìgbà ọyẹ́ tó ṣáájú ni iná jó oko kòkó Bàbá Àgbà ní Bọ́lọ́rundúró. Wọ́n ní iná ọdẹ ni, kò sẹ́ni tó rí ọdẹ náà. Àwọn igi tó gbìn nígbà tí egungun rẹ̀ ṣì le, tó fi èso wọn rán bàbá mi lọ sílé ìwé, jóná di èédú láàárín òwúrọ̀ kan. Nígbà tó ti oko dé lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú eérú lára fìlà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi tọrọ èso kòkó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó rọ iyẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, ó gbin kóró kòkó sí i lọ́kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yìnkùlé wa, nítorí pé a ní kànga, ojú rẹ̀ á sì máa tó wọn. Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòji lé wọn lórí. Ìpinnu rẹ̀ ni pé bí òjò bá ti dúró dáadáa, a ó kó wọn lọ sí oko lọ gbìn. Ọmọ kòkó inú ọ̀rá kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá lu ọ̀rá jáde, tí kò sì sí ilẹ̀ tútù tí wọ́n máa rì í sí, yóò gbẹ ni. Bàbá Àgbà pè wá jọ, tọmọdé tàgbà, ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa: "Èyí tí agbára mi ká mọ nìyí. Bí àwọn yìí bá kú, oko náà di ugbó, ó tán lọ́wọ́ mi." Kò pariwo. Mo rántí pé Dẹ̀jọ pàápàá dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni Màmá Àgbà ti rí orogún. Bí Bàbá Àgbà ṣe ń jí ló ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, á máa yí ewé wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa bá wọn sọ̀rọ̀. Màmá Àgbà á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, ọkọ ìyàwó. Ṣé àwọn ìyàwó yín sùn dáadáa?" Bàbá Àgbà á ní wọ́n sùn dáadáa, wọ́n ní kí òun kí ìyáálé àwọn. "Ṣé wọn ò lè wá bá mi gúnyán ni?" Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ báyìí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú eré náà. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin yẹn ti wo ojú ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀ bó ṣe ń wo ojú ewé kòkó, bí obìnrin bá sì fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́, ó ń dùn ún ni.

Òjò kò wá. Oṣù tó yẹ kó rọ̀ wọlé, ó jáde. Oòrùn ń mú bí ẹni ń gbẹ̀san, kànga wa ń lọ sílẹ̀ títí tí korobá tí a fi ń fa omi fi ń gbé ẹrẹ̀ bọ̀. Bàbá Àgbà wá ṣe òfin tirẹ̀. Ó ní omi kankan kò gbọdọ̀ dà sílẹ̀ nínú ilé yìí kó má gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì, ti kòkó ni. Omi tí a fi fọ ẹ̀wà, ti kòkó ni. Omi iṣu nìkan ló yọ sílẹ̀ nítorí iyọ̀. Èyí tó wá burú jù ni ti ìwẹ̀. Ó ní kí gbogbo ọmọdé máa dúró sáàárín àwọn ọmọ kòkó wẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọṣẹ kan ara. Kànrìnkàn lásán la fi ń bó ara wa lára, omi á máa kán láti ara wa sínú ọ̀rá. Ojú ń tì mí, mo ti ń dàgbà, ìyá mi wá ri igi mọ́lẹ̀, ó fi ìró rẹ̀ yí i ká fún mi, mo sì ń wẹ̀ nínú àgọ́ mi bí ọmọ ọba. Dẹ̀jọ ní tirẹ̀ ń jó níhòòhò láàárín wọn, ó ń kéde fún gbogbo àdúgbò pé òun ń bomi rin oko. N kò rò pé ilé míràn wà ní Àkúrẹ́ lọ́dún náà tí kòkó ti ń mọ́ ju ọmọ lọ.

Kì í ṣe pé òjò ò ṣú o. Ìyẹn ló ń bani nínú jẹ́. Ní ọ̀sán, ọ̀run á dúdú láti ìhà ìlà oòrùn, afẹ́fẹ́ á fẹ́, àrá á kùn, Màmá Àgbà á ní ká kó abọ́ wọlé, a ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ láyà, Bàbá Àgbà á yọ fìlà rẹ̀ á gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ọ̀run á là, oòrùn á tún yọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kan tó ṣú tó sì tún là báyìí, a ṣì dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí bàbá mi wọlé lórí kẹ̀kẹ́, ó tutù rinrin láti orí dé ẹsẹ̀, bàtà rẹ̀ ń dún ṣọ̀pọ̀-ṣọ̀pọ̀. Òjò ti pa á ní Oda. Gbogbo wa kàn ń wò ó ni. Ìyá mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Eji ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa." Bàbá Àgbà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Délé, má bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn síbẹ̀ yẹn o. Máa bọ̀ lẹ́yìnkùlé." Bàbá mi, olùkọ́ ilé ìwé odindi, dúró láàárín ọmọ kòkó, ó fún ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lé wọn lórí, ó fún síńgílẹ́ẹ̀tì, bàbá rẹ̀ sì ń nàka sí èyí tí kò tíì kàn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìyá mi lọ sí Oǹdó lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní òjò ti rọ̀ láàárín ìlú Oǹdó, kò tíì dé Bọ́lọ́rundúró, àmọ́ àwọn ará ilé òun rí omi gbè. Ó wá fi kún un pé abọ́ wọn ti wà níta kó tó dé. Màmá Àgbà ń ṣa ẹ̀gúsí lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Òjò Ẹ̀kímọ̀gún, òjò ẹ̀yin ará Oǹdó, nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ lè bá a sọ̀rọ̀." Nígbà tí ọ̀run tún ṣú, ìyá mi kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gbé korobá síta, ó gbé báàfù síta, ó gbé agbada tẹ̀ lé e, ó tiẹ̀ da ìwọ̀nba omi tó wà nínú àmù sínú ìkòkò kékeré kan kó lè rí àmù náà gbé síta. Bàbá Àgbà ní, "Ìyá Fúnmi, a kì í torí òjò tó ṣú da omi inú àmù nù." Ìyá mi ní òun ò dà á nù, òun kàn ṣí i nípò padà ni. A dúró. Afẹ́fẹ́ fẹ́ kọjá. Ìjì díẹ̀ gbé imọ̀ ọ̀pẹ kan sọ nù, òjò náà sì gba orí wa kọjá, ó yà sí ọ̀nà Oda, a ń wo ibi tó ti ń rọ̀ lókèèrè bí aṣọ tí wọ́n sá.

Màmá Àgbà kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo. Ó ní, "Ẹ ti rí i." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó o tìbínú-tìbínú. Ìgbà náà ni Bàbá Àgbà sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ó ní, "Ìyá Délé, fi wọ́n síbẹ̀." Màmá Àgbà dúró. Ó ní, "Ẹ ní kí n ṣe kí ni?" Bàbá Àgbà ní, "A ti fi pamọ́ títí, kò wá. Jẹ́ ká fi hàn án wò. Gbòǹgbò ti ń yọ nídìí ọ̀rá." Màmá Àgbà wo ọkọ rẹ̀, ó wo ìyá mi, ó ní, "Nítorí àwọn ìyàwó yín yìí, ọ̀rọ̀ mi ò níláárí mọ́ nínú ulé mi." Ó lọ gbé báàfù tánńganran rẹ̀, funfun tí òdòdó pupa wà nínú rẹ̀, tó gbé wá sílé ọkọ, ó fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Àwọn abọ́ yòókù wà níta, oòrùn ń yan wọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, kò bá ìyá mi sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ, èmi ni mo sì di agbẹnusọ láàárín òun àti ọkọ rẹ̀. "Fúnmi, lọ sọ fún ọkọ kòkó pé oúnjẹ rẹ̀ ń tutù." Bàbá Àgbà á ní, "Sọ fún un pé mo ti gbọ́." Wọ́n á sì wà nínú yàrá kan náà o. Dẹ̀jọ rò pé eré tuntun kan ni, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rán mi níṣẹ́ sí àwọn ènìyàn tó jókòó tì í. Èmi ń rẹ́rìn-ín níta, àmọ́ inú mi kò dùn. Ewé àwọn kòkó ti ń ká gbẹ létí, odó wa ti dákẹ́ nítorí àìsí omi, iṣu sísun àti epo la ń jẹ, ilé wa sì ti di ilé tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ rìn.

Òjò dé ní ọ̀sán kan tí a ti ilé ìwé dé, tí bàbá mi kò tíì ti Oda bọ̀. Kò tilẹ̀ ṣú pẹ́. Àrá kan ṣoṣo sán, afẹ́fẹ́ gba àgbàlá kọjá pẹ̀lú eruku, òórùn ilẹ̀ tútù kọ́kọ́ dé imú wa, ẹ̀kán òjò tó nípọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìsàlẹ̀ abọ́ níkọ̀ọ̀kan, káún, káún. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Dẹ̀jọ ti bọ́ ṣòkòtò. Bàbá Àgbà sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìmú ọ̀pá, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, omi ń kán sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń sọ pé, "Bó pẹ́ títí, akólòlò á pe baba. Mo sọ fún yín, àbí n ò sọ?" Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ayọ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí ìjì gidi dé ni ohùn òjò náà yí padà. Ó gbá gbogbo imọ̀ ọ̀pẹ orí àwọn kòkó lẹ́ẹ̀kan náà, ó kó wọn lu ògiri. Páànù wa wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń da òkúta lé e. Yìnyín ni. Èmi àti Dẹ̀jọ hó yèè, a sáré jáde láti ṣà á, bí gbogbo ọmọdé ṣe máa ń ṣe, mo ti ju ẹyọ kan sẹ́nu kí n tó gbọ́ igbe Bàbá Àgbà. N kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí oko jóná. "Kòkó mi o! Ó ń pa wọ́n o!" Yìnyín tó tóbi bí ẹkùrọ́ ń bọ́ sórí àwọn ewé tó ti gbẹ létí, ó ń ya wọ́n, ó ń ṣẹ́ ọrùn wọn. Òjò tí a ti ń bẹ̀ láti ọjọ́ yìí ló dé tó fẹ́ jẹ wọ́n run.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ ronú. Ó sáré dé ibi tí báàfù tó tóbi jù wà, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì rẹ̀, omi òjò tó mọ́, èyí tí a ti ń retí, ó yí i dà sílẹ̀ láìwo ẹ̀yìn, ó sì dojú báàfù náà bo àwọn ọmọ kòkó. Ó kígbe sí mi, "Fúnmi, da omi nù! Dojú wọn dé!" A bẹ̀rẹ̀ sí í da omi nù. Korobá, agbada, garawa, ìkòkò ọbẹ̀, gbogbo ohun tí a ti gbé síta kí ó gba òjò ni a ń dojú wọn dé kí òjò má bàa wọ ibẹ̀. Yìnyín ń gbá mi lórí, mò ń sunkún, mò ń sáré. Ìgbà náà ni Màmá Àgbà jáde láti inú ilé pẹ̀lú báàfù tánńganran rẹ̀ lórí bí ẹni ń lọ sí odò. Ó gbé e kúrò lórí ara rẹ̀, ó dé e mọ́ àwọn kòkó lórí. Ó ní, "Ìyàwó, mú ti ọ̀hún, èmi ti di ìhí mú!" Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ọkàn wá tó bá ìyá mi sọ láti ọjọ́ yẹn nìyẹn. Ìyá mi ní, "Màmá, ẹ bo orí yín!"

Abọ́ tán, kòkó kò tán. Àwọn tó wà nídìí ògiri kò rí ìbòrí, àwọn tó sì dára jù nìyẹn, tí Bàbá Àgbà ti yà sọ́tọ̀. Ó ń gbìyànjú láti dé ibẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò jẹ́, ó ń yọ̀ nínú yìnyín, ìyá mi di apá rẹ̀ mú kó má bàa ṣubú. Màmá Àgbà ti débẹ̀. Ó tú ìró rẹ̀, ó ta á sórí wọn, afẹ́fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ pẹ̀lú tòbí àti bùbá, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, ó sì tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ bò wọ́n.

Ẹni tó bá lọ sí Bọ́lọ́rundúró lónìí yóò bá oko náà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló yè, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù yè, wọ́n sì ga débi pé bí mo bá dúró lábẹ́ wọn, n kì í rí ọ̀run. Dẹ̀jọ ló ń bójú tó o báyìí, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi ní ẹ̀rọ omi nílé mi, n kì í gbé abọ́ síta fún òjò mọ́, bó bá sì ṣú, àwọn ọmọ ọmọ mi ló ń wo fóònù láti sọ fún mi bóyá yóò rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yè àti ohun tó kú. Yìnyín dá wọ́ọ́, bó ṣe máa ń dá. Ilẹ̀ funfun. Abọ́ dojúdé kún gbogbo ẹ̀yìnkùlé, kò sì sí ẹ̀kán omi kan nínú ilé tí a fi máa se oúnjẹ. Ìyá mi fẹ́ ṣí báàfù tó wà nítòsí, ó ń wo ojú Bàbá Àgbà, bóyá òun ni yóò fẹ́ kọ́kọ́ ṣí i.

Bàbá Àgbà kò ṣí abọ́ kankan. Ó yọ apá rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá mi, ó fi ọwọ́ tẹ ògiri, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ibi tí Màmá Àgbà wà. Bùbá Màmá Àgbà ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, a sì ń rí ibi tí yìnyín ti bà á, ó ti ń wú, ó ń pọ́n. Yìnyín wà nínú irun rẹ̀.

"Ìyá Délé," ó wí, "dìde. Ó ti dá."

Màmá Àgbà kò mira. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ wò wọ́n ná. Ṣé wọ́n wà láàyè?"

Bàbá Àgbà bọ́ agbádá rẹ̀ tó tutù, ó fún omi inú rẹ̀ dànù, ó fi bo ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀, kò gbé e kúrò.

"Wọ́n wà láàyè," ó wí.

Kò tíì wo ọ̀kankan nínú wọn.